Sọ̀wédowó stimulus ní Amẹ́ríkà: bí ẹ ṣe máa tò ó sínú ìwé owó orí ilé yín

Nígbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ a máa fi owó ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Stimulus ni gbogbo ayé ń pè é. Lójú òfin, owó orí ni wọ́n dá padà fún yín, wọ́n kàn dá a padà kí ẹ tó kọ ìwé owó orí ọdún náà ni. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe owó tó wọlé fún yín, tí ẹ kò sì ní san owó orí kankan lé e lórí. Ìdí kan náà ló mú kí ẹ gbọ́dọ̀ sọ iye tí ẹ ti gbà nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé ọdún yẹn: alájọ tó ti fún yín ní ìdajì láàárín oṣù kò ní fún yín ní odindi nígbà tí oṣù bá parí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń ka owó náà mọ́ owó oṣù wọn, wọ́n sì ń san owó orí tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Àwọn mìíràn ò sọ pé àwọn ti gbà á, wọ́n tún bèèrè fún un lẹ́ẹ̀kejì, IRS, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, sì dá gbogbo owó wọn dúró. Àkókò àtibèèrè owó ọdún 2020 àti 2021 ti parí, ṣùgbọ́n àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí ṣì wúlò fún ẹni tí IRS kọ lẹ́tà sí nípa ìwé ọdún 2020 tàbí 2021, fún ẹni tó ń tún ìwé àtijọ́ ṣe kó tó lọ gba ìwé ọmọ onílùú, àti fún ẹni tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí. Bí ìjọba àpapọ̀ bá tún san irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba ọ̀nà yìí kan náà, nítorí ọ̀nà náà ni wọ́n gbà lọ́dún 2008 kí wọ́n tó tún gbà á nígbà kòrónà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú owó tó wọlé sí yín lọ́wọ́

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Owó oríṣiríṣi ni àwọn èèyàn wa ń pè ní stimulus, òfin tó de ìkan kò sì de ìkejì.

Stimulus gan-an nígbà kòrónà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin CARES ti oṣù kẹta ọdún 2020 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní $1,200, ó sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní $500. Òfin oṣù kejìlá ọdún 2020 fún àgbàlagbà àti ọmọ ní $600 $600. Òfin oṣù kẹta ọdún 2021 fún olúkúlùkù ní $1,400, títí kan ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lábẹ́ òfin owó orí, ìbáà ṣe ọmọ yunifásítì tàbí ìyá àgbà tó ń bá yín gbé. Kò sí èyí tó ní owó orí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn ò kà á mọ́ owó tó wọlé fún àwọn ètò ìrànwọ́ ìjọba bíi SSI, Medicaid tàbí SNAP, bí ẹ bá sì tọ́jú rẹ̀ sí báńkì, ó kéré tán, oṣù 12 gbáko ni wọn ò fi ní kà á mọ́ dúkìá yín.

Owó àìníṣẹ́lọ́wọ́ yàtọ̀ pátápátá. Owó tó ní owó orí ni, títí kan $600 ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi kún un lọ́dún 2020. Ìpínlẹ̀ yóò fi fọ́ọ̀mù 1099-G ránṣẹ́ lórí rẹ̀. Fún ọdún 2020 nìkan ni òfin yọ $10,200 àkọ́kọ́ kúrò fún ẹni tí owó tó wọlé fún un kò tó $150,000.

Owó ọmọ tó ń wọlé lóṣooṣù láti oṣù keje sí oṣù kejìlá ọdún 2021, $300 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà àti $250 fún èyí tó ti pé mẹ́fà sí 17, kì í ṣe stimulus rárá. Ìdajì Child Tax Credit, ìyẹn ìdínkù owó orí fún ẹni tó ní ọmọ, ni wọ́n san ṣáájú. Òun náà ò ní owó orí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà jù, ó ṣeé ṣe kí ẹ dá èyí tó lé padà. Stimulus kò ní irú ìdápadà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ṣi ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ti ìpínlẹ̀ la máa sọ̀rọ̀ lé lórí nísàlẹ̀, nítorí ó ní òfin tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá iye tí ẹ gbà gan-an

Ẹ má gbọ́kàn lé ohun tí ẹ rántí. IRS kọ lẹ́tà lórí owó kọ̀ọ̀kan: Notice 1444 fún ti àkọ́kọ́, 1444-B fún èkejì, 1444-C fún ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ni Letter 6475 tún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 láti sọ àròpọ̀ ẹ̀kẹta. Bí ìwé wọ̀nyí bá ti sọnù, ẹ ṣí àkáǹtì ara yín lórí ìkànnì IRS.gov, kí ẹ wo abẹ́ Tax Records. Iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tó kó ọ̀pọ̀ tọkọtaya sí wàhálà. Fún àwọn tó jọ kọ ìwé owó orí pọ̀, IRS pín owó náà sí méjì. Lẹ́tà ọkọ ń sọ ìdajì, lẹ́tà ìyàwó ń sọ ìdajì. Àkáǹtì ọkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò fi ti ìyàwó hàn. Ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n wá ro méjèèjì pọ̀.

Bí àkọsílẹ̀ bá sọ pé wọ́n ti san án ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí i, kì í ṣe inú ìwé owó orí lẹ ti máa bèèrè fún un. Form 3911 lẹ máa fi ní kí wọ́n tọpasẹ̀ owó náà. Àwọn kan kọ ọ́ sínú ìwé owó orí bí ẹni pé wọn ò san án rárá, kọ̀ǹpútà IRS sì yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò iye tó tọ́ sí yín

Nọ́ńbà tí gbogbo ìṣirò dúró lé ni AGI, ìyẹn àròpọ̀ owó tó wọlé fún yín lọ́dún lẹ́yìn àwọn àyọkúrò kan, tó wà ní ìlà 11 lórí Form 1040, fọ́ọ̀mù owó orí gan-an, ọdún 2020 àti ti 2021. Ti ọdún 2020 lẹ máa lò fún owó méjì àkọ́kọ́, ti 2021 fún ẹ̀kẹta.

Fún owó méjì àkọ́kọ́, ẹ yọ ààlà yín kúrò lára AGI: $75,000 fún ẹni tó dá kọ ìwé, $112,500 fún òbí tó dá gbé ilé ró, $150,000 fún tọkọtaya. Ẹ mú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó lé, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára odindi owó. Fún ẹ̀kẹta, ààlà kan náà ló bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kíákíá ni owó náà ń tán: $80,000, $120,000 àti $160,000 ni ó ti di òfo.

Ẹ wo ìyá kan tó ń dá tọ́ ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún 17, tí AGI rẹ̀ jẹ́ $120,500 lọ́dún méjèèjì. Ó fi $8,000 lé ààlà, ìdá márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ $400. Àkọ́kọ́: $1,700 dín $400, ó kù $1,300. Èkejì: $1,200 dín $400, ó kù $800. Ẹ̀kẹta: kò sí nǹkan kan, nítorí ó ti fi $500 kọjá $120,000. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa ń rò pé IRS gbàgbé òun ni. Wọn ò gbàgbé rẹ̀. Òfin ló ṣẹ́ owó náà kúrú.

Ní ti ẹni tí ẹ lè kà mọ́ ilé yín, ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀. Ìyá yín tó ń bá yín gbé ní Houston, tó ní nọ́ńbà Social Security, tí owó tó wọlé fún òun fúnra rẹ̀ kò tó $4,300 lọ́dún 2021, tí ẹ sì san ju ìdajì bùkátà rẹ̀ lọ, $1,400 tọ́ sí yín lórí rẹ̀. Ìyá yín tó wà ní Ìbàdàn, tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, kò wọ inú ìṣirò yìí. Òfin béèrè pé kí ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, tàbí kó máa gbé Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé náà kì í ṣe ohun tí ẹ lè yọ kúrò nínú owó orí, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Nọ́ńbà ITIN, nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà Social Security, náà dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Lábẹ́ òfin CARES, bí ọkọ bá ní nọ́ńbà Social Security tí ìyàwó sì ń lo ITIN, tí wọ́n jọ kọ ìwé pọ̀, gbogbo ilé ló pàdánù, àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ṣọ́jà. Òfin oṣù kejìlá ọdún 2020 tún un ṣe sẹ́yìn: ẹni tó ní nọ́ńbà Social Security lè gba tirẹ̀ àti ti ọmọ. Nígbà ẹ̀kẹta, àní bí òbí méjèèjì bá ń lo ITIN, ọmọ tó ní nọ́ńbà Social Security gba $1,400 tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìlà 30

Orúkọ ohun tí ẹ ń kọ síbẹ̀ ni Recovery Rebate Credit. Iye tó tọ́ sí yín, dín iye tí ẹ ti gbà, òun ló ń lọ sí ìlà 30 lórí Form 1040 ọdún 2020 tàbí 2021. Bí ẹ bá ti gba gbogbo rẹ̀, ẹ fi ìlà náà sílẹ̀ ní òfìfo. Owó stimulus kò lọ sí ìlà 1 níbi tí owó oṣù wà, kò sì lọ sí Schedule 1, àfikún fọ́ọ̀mù fún àwọn owó mìíràn tó wọlé. Ìlà 30 lórí fọ́ọ̀mù àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kì í ṣe fún ohun yìí mọ́, ẹ má tìtorí nọ́ńbà tó bára mu kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan tó ní ọmọ méjì àti ìyá àgbà nínú ilé. Ẹni márùn-ún, $7,000 ni odindi owó ẹ̀kẹta wọn. Lọ́dún 2020, AGI wọn jẹ́ $154,000, òun ni IRS sì fi ṣírò nígbà tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́. Láti $154,000 dé $160,000, $6,000 ló kù. Ẹ fi $10,000, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín $150,000 àti $160,000, pín in, ẹ ó rí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ìyẹn $4,200. Lẹ́tà ọkọ sọ $2,100, ti ìyàwó sọ $2,100. Láàárín ọdún 2021, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó, AGI wọn wálẹ̀ sí $98,000. Odindi $7,000 ti wá tọ́ sí wọn báyìí. Ìlà 30 wọn ni $2,800.

Níbi kan náà yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí wọ́n bá ka lẹ́tà ọkọ nìkan, wọ́n á yọ $2,100, wọ́n á sì kọ $4,900. Bí wọ́n bá ṣi ìlà 30 lóye, wọ́n á kọ odindi $7,000, tàbí kí wọ́n kọ $4,200 tí wọ́n gbà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni IRS yóò tún ṣírò sí $2,800, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ni ìwé náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá, gbogbo owó ìdápadà wọn yóò sì dúró dè é, títí kan èyí tí kò kan stimulus rárá. Ní ọdún 2021 àti 2022, ọ̀pọ̀ ilé ló fi oṣù gbáko retí owó nítorí ìlà kan ṣoṣo yìí.

Ọmọ tí wọ́n bí láàárín ọdún 2021 kò sí nínú ìwé tí IRS wò nígbà tí wọ́n san owó. Ìlà 30 ni $1,400 tirẹ̀ ti wọlé. Ọmọ yunifásítì tí òbí rẹ̀ kà mọ́ ilé lọ́dún 2020, tó wá dá dúró lọ́dún 2021, lè gba tirẹ̀ fúnra rẹ̀ níbẹ̀ bákan náà.

Bí IRS bá yí ìlà 30 yín padà, lẹ́tà CP11, CP12 tàbí CP13 ló máa wá. CP11 ń sọ pé ẹ jẹ gbèsè, CP12 ń sọ pé iye owó ìdápadà yín ti yí padà, CP13 ń sọ pé ẹ kò jẹ gbèsè, ẹ kò sì gba nǹkan kan. Ọjọ́ 60 lẹ ní láti fèsì bí ẹ kò bá gbà. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ̀tọ́ àtigbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Kóòtù Owó Orí ti bọ́ lọ́wọ́ yín lórí àtúnṣe yẹn.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà ṣe pàtàkì. Owó kejì àti ẹ̀kẹta tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣáájú, wọn ò fọwọ́ kàn án nítorí owó ìtọ́jú ọmọ tí ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n bí owó kan náà bá gba ìlà 30 wọlé, owó ìdápadà lásán ló dà, wọ́n sì lè yọ gbèsè bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Bí AGI yín bá gòkè lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó ńkọ́?

Ẹ kò dá nǹkan kan padà. Bí tọkọtaya òkè yìí bá gba $4,200, tí AGI wọn wá di $170,000 lọ́dún 2021, ìlà 30 wọn á wà ní òfìfo, $4,200 sì ti di tiwọn. Ìlà náà kì í sọ̀ kalẹ̀ ju òfo lọ. Kò sí ẹni tó yẹ kó gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín "san án padà."

Ẹni tí owó náà kò tọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní físà F-1 kì í ka ọjọ́ tó lò ní Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, nítorí náà àjèjì ni lójú òfin owó orí, Form 1040-NR ló sì yẹ kó kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú, lo ètò orí kọ̀ǹpútà tí kò ní ju Form 1040 lọ, IRS sì kà wọ́n mọ́ olùgbé, sọ̀wédowó wá. Àtúnṣe rẹ̀: ẹ kọ Form 1040-X, kí ẹ fi Form 1040-NR tó tọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì dá owó náà padà. Bí sọ̀wédowó bá ṣì wà lọ́wọ́, ẹ kọ "Void" sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹ̀ bá fọwọ́ sí, ẹ kọ ìwé kékeré sọ ìdí, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì IRS tó ń bójú tó ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má ká a, ẹ má fi pín-ìn-nì gún un. Bí ẹ bá ti ná an, ẹ kọ sọ̀wédowó tiyín sí "U.S. Treasury", kí ẹ kọ "2020EIP" àti nọ́ńbà owó orí yín sí i bó bá jẹ́ ti ọdún 2020. Ẹ má fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹ máa lọ yí físà padà.

Owó ìpínlẹ̀: ìbéèrè kan ló ń yanjú rẹ̀

Nígbà tí ìpínlẹ̀ bá dá owó padà, ẹ béèrè pé: ǹjẹ́ mo ti fi owó orí ìpínlẹ̀ yìí dín owó orí ìjọba àpapọ̀ kù? Bí ẹ bá gba àyọkúrò gbogboogbò, tí wọ́n ń pè ní standard deduction, ìdáhùn ni rárá, ẹ kò sì ní kọ owó náà síbì kankan. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé wa wà níbí.

Ẹni tó ka àyọkúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí Schedule A ló ní iṣẹ́. Ní ọdún 2025, Georgia dá owó padà lórí owó orí ọdún 2023: $250 fún ẹni tó dá wà, $375 fún òbí tó dá gbé ilé ró, $500 fún tọkọtaya, láìju owó orí tí wọ́n jẹ lọ. Ẹ mú tọkọtaya kan ní Atlanta tó ka àyọkúrò $31,000 lọ́dún 2023, nígbà tí àyọkúrò gbogboogbò jẹ́ $27,700. Bí owó orí ìpínlẹ̀ àti ti ilé wọn bá jẹ́ $8,900, wọ́n ti jẹ àǹfààní $500 náà ní kíkún, ó sì ń lọ sí ìlà 1 lórí Schedule 1 ọdún 2025. Bó bá jẹ́ $14,000 ni wọ́n san, $10,000 péré ni òfin jẹ́ kí wọ́n yọ lọ́dún yẹn. Ẹ yọ $500 kúrò nínú $14,000, ó ṣì ju $10,000 lọ. Àǹfààní kankan ò wá láti ibẹ̀, owó orí ò sì sí. Ìdí nìyí tí fọ́ọ̀mù 1099-G láti ìpínlẹ̀ kì í fi í ṣe ẹ̀rí pé ẹ jẹ owó orí. Ẹ parí ìṣirò tó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà Schedule 1 kí ẹ tó kọ nǹkan kan.

California fi $200 sí $1,050 ránṣẹ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n kó ti ọ̀pọ̀ èèyàn sórí káàdì báńkì. Àwọn tó gba $600 sókè rí fọ́ọ̀mù 1099-MISC gbà, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2023, IRS sọ pé kò sídìí láti kọ owó náà sínú ìwé ìjọba àpapọ̀. Ní Alaska, owó epo tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún ní owó orí. Nínú $3,284 tí wọ́n pín lọ́dún 2022, $662 tó jẹ́ ìrànwọ́ owó iná àti epo nìkan ni IRS yọ kúrò. Ẹ tún rántí Oregon, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ yọ owó orí ìjọba àpapọ̀ kúrò nínú ti ìpínlẹ̀: stimulus dín owó orí ìjọba àpapọ̀ kù, àyọkúrò yẹn náà sì kéré sí i.

Ọjọ́ tó ti kọjá

Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni àkókò àtibèèrè owó ọdún 2020 parí. Ti ọdún 2021 parí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, IRS fúnra rẹ̀ san owó fún bí mílíọ̀nù kan èèyàn tó kọ ìwé 2021 ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ìlà 30 sílẹ̀ tàbí kọ òfo síbẹ̀, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni kọ. Ẹni tó bá wá bá yín lónìí pé òun lè gba stimulus àtijọ́ fún yín, tó sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ má fún un ní nọ́ńbà Social Security yín. Tuntun kankan ò lè jáde láìjẹ́ pé Kọ́ńgírẹ́sì ṣe òfin rẹ̀ tí Ààrẹ sì fọwọ́ sí i. IRS kì í sì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù pe èèyàn wá gbowó.

Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí sọ̀wédowó oníbébà. Ẹ kọ nọ́ńbà báńkì yín sórí ìwé owó orí ọdọọdún, nítorí ibẹ̀ ni owó tó bá tún jáde yóò gbà. Nọ́ńbà routing, tó ń fi báńkì yín hàn, gbọ́dọ̀ pé mẹ́sàn-án. Kí àkáǹtì náà jẹ́ èyí tó wà ní orúkọ yín, kó má ṣe jẹ́ ti ẹni tó bá yín kọ ìwé, kó má sì jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ṣí láti yọ owó iṣẹ́ wọn: ní oṣù kìíní ọdún 2021, irú àkáǹtì tí wọ́n ti tì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sanwó kejì ọ̀pọ̀ èèyàn sí, ó sì di ohun tí wọ́n ń wá kiri.